Erin Orí Bíríkì Ààrẹ Olúdáre

Ọkùnrin kan wà ní Ellenwood, ní ìpínlẹ̀ Georgia, tí kì í wa mọ́tò rẹ̀ kọjá máìlì márùndínláàádọ́ta ní wákàtí kan, àní lójú ọ̀nà I-20 tí àwọn èèyàn ti ń sáré bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Kì í ṣe pé ó ń bẹ̀rù ọlọ́pàá. Ó ní ẹni ńlá kì í kánjú ni. Bí àwọn tó wà lẹ́yìn bá fun fèrè, á gbé ọwọ́ sókè, á jù ú sí wọn, torí ó gbà pé wọ́n ń kí òun ni. Olúdáre Adégbìtẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí lè pè é bẹ́ẹ̀, torí kò lè gbọ́ yín. Àwa tí a wà nítòsí, Ààrẹ là ń pè é.

Ẹ ó bi mí pé kí ló jẹ́ ààrẹ lé lórí. Ẹgbẹ́ Ọmọ Òkè-Ọsàn ní Georgia ni. Bí a bá ka gbogbo wa, títí kan ọmọ tí wọ́n bí lọ́sẹ̀ tó kọjá, a jẹ́ ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́fà. A dìbò yàn án fún ọdún méjì, òun nìkan ló sì du ipò náà, torí àwọn yòókù ní shift lọ́jọ́ náà. Láti Monday dé Friday, supervisor ni ní warehouse kan ní Conyers, níbi tí ọ̀gá rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ti ń pè é ní "Dare" bí ẹni ń pe ajá, tí Ààrẹ sì ń dáhùn kíá. Ẹ má bínú sí i. Ẹni tí wọn kò jẹ́ kó ga láàárọ̀ ní láti wá ibi tí yóò ti ga nírọ̀lẹ́.

Ibi tó ti ń ga ni ìpàdé wa, ní ọ̀sán Sátidé kejì nínú oṣù, ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Stone Mountain. Seth ni alukoro ẹgbẹ́, ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ dùn, tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ sì rọ̀ bí okùn. Ó máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ẹ dìde, ẹ̀yin èèyàn. Erin ń bọ̀. Àjànàkú ọmọ Adégbìtẹ́, ọkọ Edith, ìmọ́lẹ̀ Ellenwood, ẹni tí òjò ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó rọ̀." Nígbà náà ni Ààrẹ yóò wọlé, lẹ́yìn tí a ti jókòó dè é fún ogójì ìṣẹ́jú. Kíkẹ́lọmọ, akọ̀wé wa tó jẹ́ apòògùn, kọ ọ́ sínú ìwé nígbà kan pé, "Ààrẹ pẹ́ dé." Ààrẹ ní kó pa á rẹ́. Ohun tó wà nínú ìwé náà títí di òní ni: "Àkókò dé ṣáájú Ààrẹ." Bí Ààrẹ bá sín, Seth a ṣe àmín. Bí Ààrẹ bá ní ooru ń mú òun, Seth a nu ojú ara rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹgbẹ́ náà ní iṣẹ́ gidi kan lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mú bàbá tàbí ìyá wá láti ilé. Àwọn àgbà yìí kò lè wa mọ́tò, kò sì sí ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé wọn dé ní Ellenwood ju ìdí mailbox aládùúgbò lọ. Bí ọmọ bá ti gba ibi iṣẹ́ lọ, tí ọmọọmọ ti wọ bọ́ọ̀sì ilé ìwé, ilé a pa lọ́lọ́. Ìyá Ààrẹ gan-an, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, máa ń jókòó sídìí fèrèsé láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ó mọ orúkọ gbogbo ajá àdúgbò, kò sì mọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó ni wọ́n. Nítorí èyí ni a ṣe pinnu láti kọ́ gbọ̀ngàn kan sórí ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ ní ní Ellenwood, kí àwọn àgbà lè rí ibi jókòó lọ́sàn-án, kí wọ́n ta ayò, kí wọ́n jà, kí wọ́n sì parí ìjà. Permit ti jáde. Ìpìlẹ̀ ti gbẹ. Bíríkì pupa ti wà nílẹ̀, December ni a sì fẹ́ ṣí i. Bàbá Yakub, tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti mú ìjókòó tirẹ̀ nínú àwòrán ilé: ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ìhà ìlà-oòrùn, kí oòrùn àárọ̀ lè máa kan orúnkún rẹ̀.

Oore ni Ṣìkẹ́mi fẹ́ ṣe wá. Ọmọ ẹgbẹ́ wa tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni Ṣìkẹ́mi, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan láàárín ìlú Atlanta, níbi tó ti ń mú àlejò káàkiri. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù August, ó ní kí àwọn àgbà wá wo ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ààrẹ bá wọn lọ, kí wọ́n lè ya òun ní fọ́tò láàárín wọn.

Nínú yàrá kẹta ni wọ́n bá àwọn bíríkì kan lábẹ́ gíláàsì. Bíríkì àtijọ́ láti ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n, ó lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún tí wọ́n ti sun wọ́n. Wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sójú ọ̀kọ̀ọ̀kan: kìnnìún tó fi ẹsẹ̀ méjì dúró, tó dé adé.

"Ta ló ń fi kìnnìún sára ògiri?" Màmá bi Ṣìkẹ́mi.

"Ọba wọn ni, Mà. Àmì ìdílé rẹ̀ ni. Àwọn kan ní torí kí wọ́n má bàa jí bíríkì ọba kó ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́."

"Kí lorúkọ ọba náà?"

"A ò mọ̀, Mà. Àwọn tó ń ṣèwádìí ṣì ń jiyàn lé e lórí. Kìnnìún yẹn nìkan ló kù tí a mọ̀."

Màmá rẹ́rìn-ín. Ààrẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó ti fẹnu sún mọ́ gíláàsì débi pé èémí rẹ̀ ti bo kìnnìún náà lójú. "Ẹ wo ọlọ́gbọ́n," ó ń sọ lábẹ́lẹ̀. "Ó kú, bíríkì rẹ̀ kò kú." Ẹ̀ṣọ́ ní kó jọ̀ọ́ kó sún sẹ́yìn. Ó sún ìwọ̀n ìka kan.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọgbọ̀n èèyàn ló wo bíríkì yẹn lọ́jọ́ náà. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n rí bíríkì. Ẹnì kan rí ara rẹ̀.

Ní ìpàdé oṣù September, Ààrẹ dìde pẹ̀lú ìwé ojú ewé mẹ́sàn-án lọ́wọ́. "Ẹ̀yin ọmọ Òkè-Ọsàn," ó ní, "irú ilé wo là ń kọ́? Ilé lásán? Bíríkì tó wà nílẹ̀ yẹn, ẹ ti bi í léèrè bàbá rẹ̀ rí? Bíríkì tí kò ní àmì, ọmọ tí kò ní bàbá ni. Mo ti rí ọjọ́ iwájú, inú gíláàsì ló wà. Ní ẹgbẹ̀rún ọdún sí i, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé bá wá hú ilẹ̀ Ellenwood, kí ni wọn yóò bá níbẹ̀? Wọn yóò bá erin. Erin tó dé adé, tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà láti kí àlejò. Lábẹ́ erin náà, ọ̀rọ̀ kan, lẹ́tà mẹ́ta péré: ỌBA."

Kíkẹ́lọmọ gbé bíírò sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni ọba?"

"Òwe ni," Ààrẹ ní, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe léjìká.

"Bíríkì ti wà nílẹ̀, sà. Bí a bá dá wọn padà, a ò ní lè ṣí ilé ní December mọ́. Àwọn àgbà ń dúró dè é."

"Àwọn àgbà ti dúró fún ọgọ́rin ọdún láyé. Oṣù mẹ́ta wo ló máa pa wọ́n?"

Seth bẹ́ sókè. "Ọgbọ́n nìyẹn, Your Excellency. Ọgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀." Seth kò rò ó kó tó sọ ọ́, òótọ́ pọ́ńbélé ló sì sọ.

Àwa ńkọ́? A pàtẹ́wọ́. N kò ní purọ́ fún yín. Ọ̀sán ti ń lọ, àwọn kan ní shift ní aago mẹ́ta, pípàtẹ́wọ́ ló sì yá jù láti fi parí ìpàdé. Wọ́n wá fi ọkọ̀ ńlá kó bíríkì pupa wa padà síbi tó ti wá.

Ọkùnrin kan wà tó ní ilé iṣẹ́ bíríkì kékeré lẹ́yìn Conyers. Eli lorúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ló ti ń sun bíríkì kó tó kàn án. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Ààrẹ gbé iṣẹ́ náà lọ. Ní October, Eli ránṣẹ́ pé òǹtẹ̀ ti ṣe tán, kí wọ́n wá wò ó. Ààrẹ mú Seth dání kó lè máa yìn ín. Ó tún mú Bàbá Israel, àgbà ẹgbẹ́ kan tó ń gbé ní Stone Mountain, tó ti ṣe bíríkìlà nílé fún ogójì ọdún, kí bàbá náà lè rí ohun tí kò rí rí.

Eli gbé òǹtẹ̀ irin náà sórí tábìlì. Ààrẹ wọ awò ojú rẹ̀. Ó wò ó, ó tún un wò, ọrùn rẹ̀ sì wú.

"Kí nìyí? Erin mi kọjú síbi tí n kò rán an. Ẹ wo lẹ́tà rẹ̀ ná. A, B, Ọ. Àbọ̀. Èmi Olúdáre ni ẹ pè ní àbọ̀?"

Bàbá Israel sún mọ́ ọn. "Ààrẹ, bí òǹtẹ̀ ṣe ń rí nìyẹn. Ohun tó bá wà lápá ọ̀tún òǹtẹ̀, apá òsì ló máa bọ́ sí lára amọ̀. Bí ẹ bá kà á tó dáa lára irin, ẹ ò ní kà á tó dáa lára ògiri. Ẹ jẹ́ kí ó tẹ ẹyọ kan kí ẹ fojú rí i."

"Bàbá, Òkè-Ọsàn lẹ ti kọ́lé. Amẹ́ríkà nìyí."

"Amọ̀ ni amọ̀, Ààrẹ."

"Amọ̀ tèmi kò ní bá mi jiyàn."

Eli náà sọ ohun kan náà lédè tirẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ọmọ tó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ sọ̀rọ̀. Ààrẹ ní òun kò gbà, òun fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ òmíràn tí ojú òun lè kà: ỌBA, bí ó ti yẹ. Eli ní kò burú, òun yóò gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kí Ààrẹ fọwọ́ sí ìwé. Ìlà mẹ́rin ló wà nínú ìwé náà. Ó sọ pé oníbàárà ló ní kí òǹtẹ̀ kọjú bẹ́ẹ̀, pé ọ̀rọ̀ yóò yí padà lára bíríkì, àti pé bíríkì tí wọ́n bá ti sun kò ní ṣeé dá padà. Ààrẹ wá ibi tí àyè ti fẹ̀ jù, ó sì ya orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú.

"Your Excellency, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" Seth béèrè nígbà tí wọ́n wọ mọ́tò.

"Ìyìn ni," Ààrẹ dáhùn.

Bàbá Israel wo ojú fèrèsé títí wọ́n fi dé Stone Mountain.

Bíríkì kò dé ní December. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù January, Bàbá Yakub kú. Gbogbo ará ilé wà níbi iṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wọlé ní ìrọ̀lẹ́ tó bá a lórí àga, tẹlifíṣọ̀n ṣì ń sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀. Níbi ìsìnkú, Ààrẹ bá wa sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Ó dárúkọ erin nígbà mọ́kànlá. Ó dárúkọ olóògbé lẹ́ẹ̀kan, ó sì pè é ní Bàbá Yusuf. Láti ibẹ̀, Màmá kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ààrẹ rò pé ọ̀fìnkìn ló ń dà á láàmú, ó sì ra oògùn fún un.

Ní February ni bíríkì dé, ẹgbàá mẹ́fà, wọ́n fi ọ̀rá dì wọ́n bí ẹ̀bùn. Ààrẹ pàṣẹ pé ojú ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kàn wọ́n títí di ọjọ́ ìṣíṣọ lójú. Wọ́n ta tapọ́lì yí ibẹ̀ ká. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì láti Mexico ló ń tò wọ́n lẹ́yìn tapọ́lì náà. Àwọn náà rí i pé lẹ́tà B kẹ̀yìn síbi tó yẹ kó kọjú sí. Àbúrò béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n rò ó, ó ní bóyá bí Yorùbá ṣe ń kọ tiwọn nìyẹn. Wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tí ògiri iwájú ga dé àyà èèyàn, Ààrẹ pe gbogbo wa jọ ní ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù April. Wọ́n kó àwọn àgbà jókòó síwájú. Seth yìn ín títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ààrẹ di etí tapọ́lì mú, ó fà á wálẹ̀, ó sì yíjú sí wa lójú ẹsẹ̀. Ògiri kọ́ ló fẹ́ rí. Ojú wa ló fẹ́ rí.

Nítorí náà, òun nìkan ni kò rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn erin náà pọ̀ lọ jàra. Gbogbo wọn ló kọ̀dí sí ẹnu ọ̀nà. Ibi tí ó yẹ kí àlejò ti rí eyín erin, ìdí ńlá ló wà níbẹ̀ àti ìrù tẹ́ẹ́rẹ́.

"Ní òní," Ààrẹ ń sọ, "òkúta ti sọ̀rọ̀."

Màmá, tó jẹ́ pé Bíbélì Yorùbá ló kọ́ ọ níwèé kíkà, na ìka sí ògiri, ó ń kà á sókè díẹ̀díẹ̀. "A. B. Ọ. Àbọ̀."

"Abọ́ ni, Mà," ìyá kan sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Abọ́ ìjẹun."

"Kí ni abọ́ ń wá lábẹ́ erin? Àbọ̀ ni."

Wọ́n yíjú sí Bàbá Israel. Bàbá náà wo ògiri títí, ó ní, "Kò sí àmì ohùn lórí rẹ̀. Kí kálukú mú èyí tó wù ú."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ìjókòó iwájú, ó dé ẹ̀yìn. Ààrẹ rò pé ayọ̀ ni. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Mo mọ̀ pé inú yín máa dùn," ó ní. Ẹ̀rín náà kò tán. Nígbà tó rí i pé Edith ìyàwó rẹ̀ ti fi gèlè bojú, ó yí padà, ó wo ògiri.

Seth bọ́ sáàárín. "Ẹ̀yin èèyàn," ó ní, "ṣé ẹ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ àwọn baba wa ni? Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Ààrẹ mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni," Ààrẹ ní kíá.

A kò tíì dé ìdí mọ́tò wa tí orúkọ rẹ̀ fi di Ààrẹ Àbọ̀.

Ẹni tó bá ní ọpọlọ yóò ní kí wọ́n wó o. Edith, tó ń fi orúkọ ọmọ wọn pè é, sọ ọ́ fún un nílé, ó ní, "Daddy Divine, ẹ jẹ́ kí wọ́n yí ògiri náà padà. Ẹ ò lè yí ojú gbogbo èèyàn padà." Ọ̀rọ̀ yìí wọ ọkọ rẹ̀ lára gan-an. Ó fi ọ̀sẹ̀ kan rò ó, ó sì rí i pé òun lè yí ojú gbogbo èèyàn padà. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ijó kan tó ń kógbá wọlé ní Stone Mountain, ó ra dígí ńlá tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ó gbé e dúró sí ọ̀kánkán ògiri. Ó sì tẹ ìlànà jáde: kí àlejò kẹ̀yìn sí ògiri, kí ó kọjú sí dígí, kí ó ka ỌBA, kí ó sì kí i. N kò fi kún un. Mo rí ìwé náà, Seth ló ń pín in.

Fún ọjọ́ mẹ́rin, dígí ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún, ojú ọjọ́ mọ́, oòrùn bọ́ sí dígí, dígí ta á kọjá lórí ògiri kúkúrú náà, ó sì dà á sójú àwọn tó ń wa mọ́tò bọ̀ lójú ọ̀nà. Bọ́ọ̀sì ilé ìwé kan dúró láàárín títì, dírẹ́bà rẹ̀ fi ọwọ́ bojú. Ọkọ̀ pickup kan yà, ó gbé mailbox aládùúgbò méjì lọ. Ọlọ́run yọ ọ́, kò sẹ́ni tó fara pa.

Ní Tuesday, obìnrin kan dé láti county, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, pẹ̀lú fáìlì. Ààrẹ ti gbọ́, ó ti wọ agbádá dè é.

"Kí ni dígí yìí ń ṣe níbí?" obìnrin náà béèrè.

"Ó ń tún ògiri ṣe."

"Kí ló ṣe ògiri?"

"Kò sí ohun tó ṣe é."

Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ibí?"

Ìbéèrè kékeré ni. Ẹni tó bá fẹ́ràn ara rẹ̀ á dáhùn pé ẹgbẹ́ ló ni ín, á sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ààrẹ na ọrùn. "Ilẹ̀ tí ẹ dúró lé yìí àti ohun gbogbo tó wà lórí rẹ̀, abẹ́ àṣẹ mi ló wà. Ààfin mi ni."

"Gbọ̀ngàn fún àwọn àgbàlagbà ló wà nínú permit. Ṣé ẹ fẹ́ máa gbé inú rẹ̀ ni?"

Ààrẹ rò pé obìnrin náà ń bu ọlá fún òun. "Bí àkókò bá tó," ó ní.

Obìnrin náà kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ó wá lẹ ìwé kan mọ́ ògiri, sórí ìdí erin kan gan-an: kí iṣẹ́ dúró. Ó ní àfi kí ẹgbẹ́ kọ̀wé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, kí wọ́n sọ ẹni tó ni ilé náà àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, permit yóò kú. Seth ń wo bàtà ara rẹ̀.

Ìpàdé June kún ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Kò sí ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà láti ké pe erin, torí Seth ní ọ̀fun ń dun òun. Ààrẹ wọlé fúnra rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ gígùn nípa àwọn ọ̀tá ìtàn, nípa oòrùn tí kò mọ ẹni ńlá, nípa obìnrin county tí ìlara ń jẹ lọ́kàn. Nígbà tó jókòó, Kíkẹ́lọmọ gbé ìwé kan sórí tábìlì.

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù," ó ní. "Ohun tó wà níbí ni pé ilé àwọn àgbà ni, pé ẹnikẹ́ni kò ní gbé inú rẹ̀. Wọn ò ní gbà á bí ó bá jẹ́ Ààrẹ ló fọwọ́ sí i, torí òun ló sọ pé ààfin òun ni. Ẹ ní láti yan ẹlòmíràn."

"N kò yọ̀ǹda," Ààrẹ ní.

Bàbá Israel dìde. "Olúdáre."

Ó ti tó ọdún méjì tí ẹnikẹ́ni kò ti pe orúkọ yẹn nínú yàrá náà. Ààrẹ bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè.

"Ìwọ ni mò ń bá wí," Bàbá Israel ní. "Bíríkì kò ṣẹ̀ wá. Bíríkì ní ojú ju ẹyọ kan lọ. A lè tú ògiri yẹn, ká fọ bíríkì rẹ̀, ká yí erin sínú, ká yí ojú tó mọ́ síta. Mo lè dúró ti àwọn ọmọ Mexico yẹn títí wọn yóò fi tò ó tán. Gbogbo ẹ̀ ni mo lè tún tò. N kò lè tún Yakub tò."

Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ohùn rẹ̀ kò ga. "O béèrè lọ́jọ́sí pé oṣù mẹ́ta wo ló máa pa wá. Mo rò pé o ti rí i."

Kíkẹ́lọmọ ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gba ipò lọ́wọ́ Ààrẹ, kí wọ́n sì yan ẹlòmíràn láti fọwọ́ sí ìwé, gbọ́wọ́ sókè. A wo ara wa. Ojú ń ti kálukú láti ṣe ẹni àkọ́kọ́, torí ọwọ́ kan náà la fi pàtẹ́wọ́ fún un ní September.

Màmá ló kọ́kọ́ gbọ́wọ́ sókè.

"Màmá, ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀," Ààrẹ ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ là ń sọ."

"Mo wà nínú ẹgbẹ́, Olúdáre. Ìwọ lo máa ń jáde láàárọ̀. Èmi ni mo máa ń kù sílé."

Kò sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Bàbá Israel gbé tirẹ̀. Edith gbé tirẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gbogbo yàrá gbọ́wọ́ sókè. Seth wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi ojú kà wá, nígbà tó sì dá a lójú ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọkùnrin Adégbìtẹ́ kó ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ. Ó ní òun ti kọ̀wé fipò sílẹ̀ nínú ọkàn òun láti àná. A ní a ti gbọ́. Kíkẹ́lọmọ la yàn rọ́pò rẹ̀; ó fọwọ́ sí ìwé náà, county sì jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Seth dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ẹyẹ òkín Stone Mountain. Kíkẹ́lọmọ fún un ní ike méjì, ó ní kó lọ pọn omi fún àwọn tó ń fọ bíríkì.

Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ni wọ́n fi tún ògiri tò. Bàbá Israel jókòó sórí àga onírin, ó dé fìlà gbẹ̀ẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọ̀pá tọ́ka. Olúdáre kò wá síbẹ̀ rárá. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń padà, ó ń jẹun, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Màmá kò bá a jà. Ó kàn ń béèrè lọ́wọ́ Edith lálaalẹ́ pé ibo ni ògiri dé.

Ní àárọ̀ Monday kan nínú oṣù October, wọ́n ṣí ilé náà láìsí ọ̀rọ̀ sísọ. Edith wà ní shift ní ọsibítù. Kò sí ẹlòmíràn tó lè gbé Màmá lọ, bẹ́ẹ̀ ni Màmá ti wọṣọ tán láti aago mẹ́fà, ó ti gbé àpò rẹ̀ sórí itan. Olúdáre tẹ ibi iṣẹ́ láago pé òun máa pẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ní, "Okay, Dare."

Ọmọbìnrin kan, Ìrètíolúwa, ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, tó ń kọ orúkọ àwọn àgbà bí wọ́n ṣe ń dé. Oṣù méjì péré ló tíì lò ní Amẹ́ríkà, ilé ìwé ló bá dé, kò tíì mọ ọ̀pọ̀ èèyàn nínú ẹgbẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ẹ káàárọ̀ Mà. Ẹ káàárọ̀ sà. Màmá, kí lorúkọ yín kí n kọ ọ́?"

Màmá sọ orúkọ rẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá yìí ńkọ́, Mà? Ta ni kí n pè wọ́n?"

Olúdáre tún ọ̀fun ṣe. Ó ti la ẹnu. Láti inú gbọ̀ngàn la ti ń gbọ́ àwọn àgbà méjì tó ń jà lórí ìjókòó, Màmá sì ti ń na ọrùn láti mọ ẹni tó jàre.

"Dírẹ́bà mi ni," Màmá ní. "Aago mẹ́rin ló máa padà wá gbé mi."

Ó wọlé lọ. Ìrètíolúwa kọ "dírẹ́bà" síwájú orúkọ Màmá, ó sì dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì han Olúdáre ibi tí àwọn dírẹ́bà ń páàkì sí.